Ẹran Tó Gba Ọwọ́ Rẹ̀ Kọjá

Ẹ̀jẹ̀ náà kò rì.

Ẹ̀bùnlọlá tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ni. Enoch ló fún un jáde láti orí ìka obìnrin náà, tó sì jẹ́ kó bọ́ sínú ife kékeré kan tí omi aláwọ̀ aró wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó sì yí padà, ó gòkè wá léfòó sójú omi.

Enoch mú ìka mìíràn, ó gún un, ó fún un. Ìyẹn náà léfòó.

"Mọ́mì, ẹ má bínú," ló wí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni, òun ló ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn èèyàn ní ilé ìwòsàn náà, ó sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò dùn ún gbọ́. "Ẹ̀jẹ̀ yín ò tó o."

"Kí ni kò tó níbẹ̀? Ṣebí ẹ rí i tó ń jáde."

"Ó ń jáde, àmọ́ kò wúwo. Irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń jẹ́ kó rì. Tiyín fúyẹ́."

Ó tún fi ẹ̀rọ kékeré kan yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá omi aró náà ló ń parọ́. Ẹ̀rọ náà gbé mẹ́sàn-án ààbọ̀ jáde. Enoch ní méjìlá ààbọ̀ ló kéré jù tí àwọn lè gbà. "Tí mo bá fa ẹ̀jẹ̀ lára yín báyìí, ẹ̀yin náà lẹ máa lọ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá."

Ọ̀rọ̀ Màmá náà ló gbé Ẹ̀bùnlọlá wá. Ọjọ́ Sátidé ni ìyá rẹ̀ yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ní Satellite Town, tí eegun itan rẹ̀ kán. Dókítà tó ń to eegun kì í wá sí ilé ìwòsàn yìí, tó wà lẹ́yìn Apple Junction, àfi ní Ọjọ́bọ̀, ní aago méjì ọ̀sán. Ọjọ́bọ̀ nìyí. Wọn kò ní fọwọ́ kan Màmá láìsí àpò ẹ̀jẹ̀ kan nílẹ̀. Òfin wọn sì ni pé àpò tí wọ́n bá mú jáde nínú fíríìjì, ẹbí aláìsàn gbọ́dọ̀ fi òmíràn dí i kí aago méjìlá tó lù, irú ẹ̀jẹ̀ yòówù kó jẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Aago mẹ́wàá ti kọjá. Láàárọ̀ yẹn, nọ́ọ̀sì ti yí Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì fi ibì kan tó ti ń pọ́n ní ìdí rẹ̀ han Ẹ̀bùnlọlá, níbi tí awọ ti fẹ́ bó. Ó ní kò dáa kí ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. "Àwọn mìíràn kì í dìde mọ́, Mà."

Ẹ̀bùnlọlá sì ti búra. Lánàá ló di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, tó ní, "Ẹ̀jẹ̀ tèmi ni wọ́n máa gbà, Màámi, ẹ má mikàn," tí ìyá rẹ̀ sì dáhùn pé òun kò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí òun kò mọ̀ rí, ti ọmọ tí òun bí ni òun fẹ́. Wọ́n ṣàlàyé títí fún Màmá pé pàṣípààrọ̀ lásán ni, Màmá kò gbọ́. Ẹ̀bùnlọlá múra sílẹ̀ lóòótọ́. Igo mọ́ọ̀tì márùn-ún ló mu láàárín àná sí òní, ó ń da mílíìkì agolo sínú rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ládùúgbò wọn pé ohun tó ń di ẹ̀jẹ̀ lára nìyẹn. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ fún Enoch.

"Ṣúgà lẹ mu, Mọ́mì," ni Enoch wí. Lẹ́yìn náà ló wá bi í ní ìbéèrè tó dùn ún wọ eegun. "Àbí ẹ kì í jẹ ẹran ni?"

Ẹ̀bùnlọlá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbínú. "Èmi! Ìyàwó alápatà ni mí o. Ẹ dé ọjà Agboju, kí ẹ béèrè Adédìran Alápatà. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń se ẹran."

"Mi ò béèrè sísè. Èwo lẹ jẹ lánàá?"

"Pọ̀nmọ́."

"Ìjẹta ńkọ́?"

"Pọ̀nmọ́ náà ni. Kí ló ṣe pọ̀nmọ́? Ṣé kì í ṣe ara màlúù ló ti wá?"

Enoch fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ara màlúù ni bàtà tí mo wọ̀ yìí náà ti wá, Mọ́mì. Awọ ni."

Ẹ̀bùnlọlá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ta ló béèrè bàtà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ni yóò wá kọ́ òun nípa ẹran? Ní ìdájí ni Adédìran máa ń lọ sí odò ẹran, tí yóò ti ibẹ̀ gba ọjà lọ. Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, yóò kó ẹran bọ̀ nínú ọ̀rá dúdú. Ẹ̀bùnlọlá ló ń gé e, òun ló ń bọ̀ ọ́, òun ló ń dín in, òun náà ló sì ń pín in. Ẹ̀dọ̀ àti itan, ti Adédìran nìyẹn, mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, nítorí ọkùnrin tó ń gbé ẹgbẹ́ màlúù léjìká gbọ́dọ̀ jẹun. Samson, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, méjì. Adéyọ̀sọ́lá, àbúrò Samson, ọ̀kan. Bí àlejò bá dé, ti àlejò á kúrò níbẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù, á dá a padà sínú ìkòkò de oúnjẹ àárọ̀ Adédìran. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni yóò wá bu omi ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀bà tirẹ̀, tí yóò sì wá pọ̀nmọ́ kan sí i. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Ká má parọ́ mọ́ Adédìran, kò sọ lẹ́ẹ̀kan rí pé kí ìyàwó òun má jẹ ẹran. Kò sì sọ lẹ́ẹ̀kan rí pé kó jẹ ẹ́.

Ó pè é lórí fóònù. Ariwo ọjà àti ìró àdá lórí pákó ló kọ́kọ́ gbọ́.

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ò tó," ló wí. "Bàbá Samson, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré máa bọ̀. Agboju síbí ò jìnnà. Wọn ò ní pẹ́ rárá."

"Ẹ̀jẹ̀ ta? Tèmi?" Adédìran, tó ti ń kun màlúù láti ọmọ ogún ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. "Ìwọ náà rò ó wò. Ẹran wà nílẹ̀ tí mi ò tíì tà. Tí òòyì bá wá kọ́ mi, tí mo fi àdá gé ara mi ńkọ́? Ta ló máa bọ́ yín?"

"Màámi ni o."

"Mo mọ̀. Ṣé mo ní mi ò fẹ́ kára wọn yá ni? Pe Wùnmí."

"Wùnmí? Wùnmí tí kì í jẹ ẹran?"

"Pè é ná. Oníbàárà ń dúró dè mí." Ó pa fóònù.

Nínú gbogbo ẹbí ọkọ rẹ̀, Wùnmí ni Ẹ̀bùnlọlá kò fẹ́ràn, kò sì fi bò. Àbúrò Adédìran tó kéré jù ni. Ẹ̀bùnlọlá fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, síbẹ̀ Àǹtí Wùnmí ló gbọ́dọ̀ máa pè é, nítorí pé wọ́n ti bí i sínú ilé kí ìyàwó tó wọlé. Ó kàwé, ó ń dá gbé nínú yàrá kan ní Festac, ó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ní yunifásítì ló ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ gba ààwẹ̀ Dáníẹ́lì, ọjọ́ mọ́kànlélógún láìfẹnu kan ẹran. Àwọn yòókù ṣínu, wọ́n sáré padà sídìí ṣúyà, òun nìkan ni kò padà mọ́. Àbúrò alápatà! Bó bá wá kí wọn, Ẹ̀bùnlọlá ní láti gbé ìkòkò mìíràn kaná nítorí rẹ̀. Ìyá Ewúrẹ́ ló ń pè é lẹ́yìn. Nígbà kan, níbi ìkómọjáde, ó sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé ẹ̀jẹ̀ wo ló lè wà lára ẹni tó ń jẹ ewé. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Wùnmí náà bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ó pè é báyìí nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó kù láti pè.

"Àǹtí Wùnmí, ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu lásìkò iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Màámi ni. Wọ́n ní kí n wá ẹni tó máa—"

"Mò ń bọ̀, Àǹtí mi," ni Wùnmí wí, kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán.

Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ tó fi sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, pẹ̀lú sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Ẹ̀bùnlọlá, Ẹ̀bùnlọlá náà kúnlẹ̀ kí i, wọ́n sì wọlé tọ Enoch lọ.

Enoch gún Wùnmí níka. Ẹ̀bùnlọlá dúró sẹ́yìn àga, ó ń wò. Ó yẹ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, bí kò tilẹ̀ dáa láti sọ. Ó ń gbàdúrà kí ẹ̀jẹ̀ náà léfòó. Ìyá rẹ̀ wà lókè lórí bẹ́ẹ̀dì, àkókò ń lọ, òun sì ń bẹ Ọlọ́run kí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo tó kù má tó, kó má baà jẹ́ pé òun nìkan ni ojú tì.

Ẹ̀kán náà bọ́ sínú omi. Kò dúró níbì kankan. Ó lọ tààrà sí ìdí ife, ó sì jókòó síbẹ̀.

"Mẹ́tàlá lé díẹ̀," ni Enoch wí nígbà tó wo ẹ̀rọ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. "Sístà, kí lẹ máa ń jẹ?"

"Mi ò kí ń jẹ ẹran o. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà. Mo máa ń jẹ ọsàn pẹ̀lú ẹ̀, kí irin inú oúnjẹ yẹn lè wọ ara." Wùnmí rí i pé Ẹ̀bùnlọlá ń wo òun, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo pa ẹran tì, mo dákú sínú kíláàsì. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Dókítà kan ló jókòó tì mí tó kọ́ mi bí mo ṣe máa jẹun. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ọ."

"Ẹ̀yin mọ̀ pé ẹ ò jẹ ẹran, ìyẹn lẹ fi wá nǹkan mìíràn dí i," ni Enoch wí, ó ń so okùn mọ́ ọn lápá. "Àwọn tó rò pé àwọn ń jẹ ẹ́ ló ń yọ wá lẹ́nu níbí." Kò wo ọ̀dọ̀ Ẹ̀bùnlọlá nígbà tó ń sọ ọ́.

Ẹ̀bùnlọlá wo bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń ṣàn wọ inú àpò, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ó yẹ kó dúpẹ́. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó dúpẹ́, ìkorò ló sì kún un lẹ́nu. Dókítà jókòó ti Wùnmí. Ta ló jókòó ti òun? Láti ìgbà tó ti bí Adéyọ̀sọ́lá ni òòyì ti ń kọ́ ọ bó bá dìde lójijì, tí àyà rẹ̀ ń já lórí àtẹ̀gùn ilé wọn tí kò ju mẹ́jọ lọ. Ó ń rún omi dídì bí ẹní ń rún gúgúrú, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú fíríìjì, Adédìran á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé oyún mìíràn ti dé ni. Àárẹ̀ iṣẹ́ ló kà á sí. Gbogbo obìnrin tó mọ̀ ló máa ń rẹ̀.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni Enoch buwọ́ lu ìwé, tó ní kí wọ́n gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì Margaret gbà á, ó ní ó ti parí, wọ́n máa gbé Màmá lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ tí dókítà bá ti dé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọlé sọ́dọ̀ Màmá, Wùnmí fa ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sísàlẹ̀ bo owú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lápá.

Màmá ti wọ aṣọ iṣẹ́ abẹ. Ó kéré nínú rẹ̀. Orí Ẹ̀bùnlọlá ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà.

"Ẹ̀bùn, ṣé wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ẹ?"

Ẹ̀bùnlọlá lanu. Òótọ́ ló fẹ́ sọ, Ọlọ́run mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ti gbà á, Mà," ni Wùnmí wí láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Gbogbo ẹ̀ ti parí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tó dáa gan-an ni."

Màmá mí kanlẹ̀, gbogbo ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Mo mọ̀. Ṣé mo ò sọ fún yín? Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́." Ó yíjú sí Nọ́ọ̀sì Margaret, tó ń wo ìwé lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. "Nọ́ọ̀sì, ẹ wo ọmọ yìí. Ilé alápatà ló wà o, ẹran ló yí i ká, kò sẹ́ni tó lè ní ó ní ojúkòkòrò. Èmi ni mo kọ́ ọ. Èmi náà, ọgbọ̀n ọdún nílé bàbá ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ pé mo jẹ ẹran inú ìkòkò. Omi ọbẹ̀ tó mi."

Ẹ̀bùnlọlá rántí ìkòkò yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ní Ìsẹ́yìn, ó mú ẹran kan péré nínú ọbẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò nà án. Ó ní kó kúnlẹ̀ síwájú ìkòkò náà títí tí ọbẹ̀ fi tutù, òun náà jókòó tì í, ó ń sunkún, ó ń sọ pé wọn yóò fi í bú òun bí ọmọ òun bá délé ọkọ. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú, nígbà tí àwọn yòókù ń gbàdúrà fún ọmọ àti ẹ̀mí gígùn, etí rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ fi ẹnu sí. "Má jẹ́ kí n gbọ́ pé ọmọ mi ń jẹ ẹran ṣáájú àwọn tó wà nílé." Kò gbọ́ ọ rí. Ọdún mẹ́rìndínlógún, kò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

Nọ́ọ̀sì Margaret súnmọ́ Màmá, ó fi ìka fa abẹ́ ojú rẹ̀ sísàlẹ̀. Inú rẹ̀ funfun. Ó wo èkejì, ó mi orí, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti sọ fún yín rí pé ẹ̀jẹ̀ Màmá kéré?" ló bi Ẹ̀bùnlọlá ní ohùn ìsàlẹ̀. "Kì í ṣe ti ìṣubú yìí nìkan o. Bó ṣe rí yìí, ó ti pẹ́ lára wọn. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi takú pé àfi kí ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀."

"Wọ́n ní ọjọ́ orí ni," ni Ẹ̀bùnlọlá dáhùn. Òun gan-an ló ti ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún mélòó kan wá.

Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó sì ṣí i. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀. Méjèèjì funfun bí ògì. Láti àárọ̀ ló ti ń wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Ó ti bínú sí Enoch, ó ti bínú sí Adédìran, ó ti bínú sí ẹ̀jẹ̀ Wùnmí, nígbà tí Màmá sì ń yin ara rẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì, ó rò pé òun ti wá rí ẹni náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ọ pé kó má jẹ ẹ́, òun náà kò jẹ ẹ́. Irọ́ kankan kò sí níbẹ̀, ìkà kankan kò sí níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ fún un ní ohun tó dára jù tó ní, ó sì ń fi í yangàn títí di bí a ti ń wí yìí.

Dókítà dé kí aago méjì tó lù. Bí wọ́n ṣe ń ti bẹ́ẹ̀dì náà lọ, Màmá gbé orí díẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ẹ ló ń gbé mi lọ yìí, Ẹ̀bùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi," ni Ẹ̀bùnlọlá wí, ilẹ̀kùn sì pa dé.

Òun àti Wùnmí nìkan ló ṣẹ́kù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ sọ nǹkan, yálà ẹ ṣeun ni o, yálà ẹ foríjì mí. Wùnmí kò dúró dè é. Ó ti ń wá owó nínú báàgì rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ ò tíì jẹun látàárọ̀, ojú yín ti wọnú. Obìnrin kan ń ta oúnjẹ níwájú géètì, mo rí i nígbà tí mò ń wọlé. Ìrẹsì wà, ẹ̀wà wà, oríṣiríṣi ẹran wà. Kí lẹ fẹ́ jẹ?"

Ẹ̀bùnlọlá ronú sí i. Adédìran fẹ́ràn ẹ̀dọ̀, kí wọ́n dín in díẹ̀, kó má le. Ṣàkì ni Samson máa ń fẹ́. Adéyọ̀sọ́lá, eegun tó ní mùdùnmúdùn nínú. Pásítọ̀ wọn kì í jẹ ẹsẹ̀ màlúù, àna rẹ̀ kì í jẹ ọ̀rá. Bí wọ́n bá jí i lójú oorun, ó lè dárúkọ ti gbogbo wọn láìṣi ọ̀kan. Wùnmí dúró níwájú rẹ̀, owó lọ́wọ́, ó ń retí.

"Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù, Àǹtí mi. Èyíkéyìí."

Ó tún ronú. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, ìgbà àkọ́kọ́ sì rèé tí ẹnikẹ́ni bi í.

"Mi ò mọ̀," ló wí. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Àǹtí Wùnmí, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ràn."